Ìwé ìfẹ́ òde òní àti ti ayé àtijọ́: bí ẹ ṣe lè yan án, kí ẹ sì kà á kó dùn

Kí ẹ tó ṣí ìwé ìfẹ́ lẹ ti mọ ìparí rẹ̀: àwọn méjèèjì á fẹ́ra, inú wọn á sì dùn. Àdéhùn tó wà láàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ìtàn ìbànújẹ́ lẹ kà yẹn, bó ti wù kí ìfẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ohun tí ẹ ń kà á fún gan-an ni ìdènà: kí ló dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ta ló gbé e síbẹ̀, kí ni wọ́n sì máa pàdánù kó tó kúrò. Ìdènà yìí la ó máa tọ̀ lẹ́yìn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, torí òun ló ń sọ ìwé tó máa bá yín lára mu, òun náà ló sì ń fà á tí ìwé mìíràn fi ń sú èèyàn kó tó dé ìdajì.

1. Ẹ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi méjì ló pọ̀ lórí àtẹ. Àkọ́kọ́ ni ìwé kékeré tó ń jáde lóṣooṣù ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, irú ti Mills & Boon tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní 1908, tí Harlequin ti ilẹ̀ Kánádà sì rà ní 1971. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju bíi 50,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ti ayé àtijọ́ máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀, ó máa ń tó 70,000. Ẹni tó ń ka 200 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan á parí 50,000 ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín dáadáa lójú ọ̀nà Èkó sí Àkúrẹ́, ẹ ti kà á tán. Èkejì ni ìwé tó dá dúró, tó ń tó 80,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀, tó sì ń gbà tó wákàtí méje sí mẹ́jọ.

Ìyàtọ̀ yìí ju ti gígùn lọ. Nínú ìwé kékeré, kò sáyè fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò. Àwọn méjì náà ni, ojú wọn kò kúrò lára wọn, ìdènà kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí odidi ìlú nínú ìtàn, kó lọ mú ìwé ńlá. Kó má bínú sí ìwé kékeré pé kò fún un ní ohun tí kò ṣèlérí.

Lára èèpo ìwé olóṣooṣù, ẹ ó rí orúkọ ọ̀wọ́ tó wà. Medical jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì. Modern, tí wọ́n ń pè ní Presents ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tí owó wọn kò lóǹkà. Historical jẹ́ ti ayé àtijọ́. Orúkọ ọ̀wọ́ ṣeé gbára lé ju àwòrán iwájú ìwé lọ.

2. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé bí ẹni tó ń wá nǹkan

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tí a ṣe fúnra wa ṣàpẹẹrẹ:

“Ọdún márùn-ún ni Tinúkẹ́ fi yàgò fún Ìbàdàn. Àìsàn bàbá rẹ̀ ló dá a padà sí ilé ìtẹ̀wé wọn ní Mọ́kọ́lá, ibẹ̀ ló sì ti bá Dèjì, ọkùnrin tó já a sílẹ̀ nígbà tí ìgbéyàwó wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Gbèsè ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Dèjì nìkan ló lówó tó lè gbà á.”

Ìdènà méjì ló wà níbí. Ti ìta ni gbèsè: òun ló fi tipátipá so wọ́n pọ̀, tí Tinúkẹ́ kò fi lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti inú ni ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti fọ́. Ìwé tó dáa máa ń ní méjèèjì, èkíní á sì máa fúnpá mọ́ èkejì. Bó bá jẹ́ ti ìta nìkan ló wà, ọjọ́ tí gbèsè bá tán ni ìtàn tán, ọkàn ẹnikẹ́ni kò sì yí padà. Bó bá jẹ́ ti inú nìkan, kò sí ohun tó mú wọn dúró nínú yàrá kan náà. Wọ́n á kàn máa ronú títí.

Ìbéèrè tó yẹ kó wá sí yín lọ́kàn nídìí àpẹẹrẹ yìí ni pé kí ló mú Dèjì lọ. Bí ẹ̀yìn ìwé bá mú yín béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ gíga ọkùnrin, àwọ̀ ojú rẹ̀ àti iye mọ́tò tó ní nìkan ló kà sílẹ̀, ẹ dá a padà.

3. Ẹ yan ìdènà tó bá yín lára mu

Òǹkàwé tó bá sọ pé “mo fẹ́ràn ìwé ìfẹ́” kò tíì sọ nǹkan kan. Irú ìdènà tó ń dùn mọ́ ọn ló yẹ kó mọ̀.

Àwọn ọ̀tá tó di olólùfẹ́ dára fún ẹni tó gbádùn ọ̀rọ̀ sísọ: èsì, àsọfúnnilésì, ẹnu mímú. Àṣìṣe méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ìjà náà lè kéré jù, tó fi jẹ́ pé orí àga ìjókòó ọ́fíìsì ni wọ́n ń jà lé. Tàbí kí ọ̀kan ṣèkà fún èkejì débi pé ìdáríjì á dà bí ìwà òmùgọ̀. Ẹ wò ó bóyá àwọn méjèèjì ní àre díẹ̀díẹ̀ nínú ìjà náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn máa gbádùn mọ́ni.

Ti àwọn tó ń díbọ́n pé àwọn ń fẹ́ra, ojú ibi tí irọ́ ti di òótọ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ìdí tí wọ́n fi ń díbọ́n ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ogún, oyè, ìwé ìgbélùú, ìyá tó ń ṣàìsàn: ìwọ̀nyí lágbára. “Kí ojú má baà tì mí níbi ìnáwó” lè gbé ìtàn kúkúrú, kò lè gbé 300 ojú ewé.

Olólùfẹ́ àtijọ́ tó padà wá, bíi ti Dèjì, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀bẹ̀ tó délẹ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ fetí sí i: ṣé ó dárúkọ ohun tó ṣe gan-an, àbí ó kàn ní “má bínú sí ohun tó ṣẹlẹ̀”? Òǹkọ̀wé tó bá sá fún ẹ̀bẹ̀ yẹn ti jẹ yín ní gbèsè.

Ọ̀rẹ́ tó di olólùfẹ́ máa ń lọ́ra. Ó ń tu àwọn kan lára, ó sì ń sú àwọn mìíràn. Ìgbéyàwó tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kí ìfẹ́ tó dé bá ayé àtijọ́ mu jù, torí òfin ìgbà yẹn kò jẹ́ kí wọ́n lè tètè tú u ká.

Ìdánwò kan wà tó bá gbogbo wọn mu: bí àwọn méjèèjì bá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọ́n sọ òótọ́ fúnra wọn, ṣé ìdènà náà á tán? Bó bá máa tán, àìgbọ́ra-ẹni-yé lásán ni. Ó ṣeé fara dà fún orí kan tàbí méjì. Bí gbogbo ìwé bá dúró lé e, ẹ ó máa bínú sí àwọn ẹ̀dá ìtàn náà ṣáá.

4. Ẹ mọ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó mọ ìgbà tí ẹ máa dáwọ́ dúró

Nínú ìwé tó ní 300 ojú ewé, ó yẹ kí àwọn méjèèjì ti pàdé kí ẹ tó dé ojú ewé 30. Ní nǹkan bíi 150, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọn kò fi ní lè ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan mọ́: ìfẹnukonu, ìjẹ́wọ́, tàbí òru kan. Láàárín 225 sí 260, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Àṣírí á tú, ọ̀kan á kó ẹrù rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti parí. Ìyókù ni àtúnṣe, lẹ́yìn náà orí kékeré kan tó fi wọ́n hàn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀.

Ẹ fi èyí ṣètò àkókò yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdámẹ́rin tó kẹ́yìn ní aago mọ́kànlá alẹ́ bí ẹ bá máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀: ẹ ò ní lè gbé e sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e sílẹ̀ níbi tó dun ni jù, kí adùn àtúnṣe sì ti tutù kí ẹ tó padà sí i. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ fún un, kí ẹ kà á ní ìjókòó kan.

Fún ìwé tí kò wọra, ẹ fún un ní 50 ojú ewé. Bí ẹ kò bá tíì bìkítà bóyá wọ́n fẹ́ra tàbí wọn kò fẹ́ra, ẹ pa á dé. Fífi ipá parí ìwé burúkú ló ń mú kí òǹkàwé sọ pé òun kò fẹ́ràn ìwé kíkà mọ́.

5. Ti ayé àtijọ́: ẹ kọ́ òfin ìlú wọn

Ibí yìí ni òǹkàwé wa ti máa ń sọ adùn nù jù. Nínú ìwé òde òní, ẹ mọ òfin ayé tí wọ́n ń gbé. Nínú ti àtijọ́, ìdènà fara pa mọ́ sínú òfin àti àṣà tí òǹkọ̀wé kò ní dúró ṣàlàyé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, ìgbà méjì ló sì gbajúmọ̀. Èkíní ni ìgbà adelé: àìsàn ọpọlọ mú Ọba George Kẹta, ọmọ rẹ̀ sì di adelé ọba láti 1811 títí bàbá fi wàjà ní 1820. Èkejì ni ìgbà Ọbabìnrin Victoria, láti 1837 sí 1901. Wọ́n sábà máa ń kọ ọdún àti ìlú sórí orí kìíní. Ẹ má fò ó, torí ọdún yẹn ló ń sọ ohun tí obìnrin inú ìtàn lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbéyàwó. Òfin 1753, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ló ń darí gbogbo ìtàn ìgbà adelé. Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Wọ́n lè kéde yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, bí ìjọ Áńgílíkà ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa títí dòní. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fò ìkéde náà. Tàbí kí ẹni tó lẹ́nu láwùjọ gba ìwé àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury, tó máa jẹ́ kí wọ́n ṣe é níbikíbi àti nígbàkígbà. Ẹni tí kò ní ìwé pàtàkì yìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán. Nítorí náà, bí ọkùnrin inú ìwé bá fa ìwé kan yọ nínú àpò, tó ní “ní alẹ́ òní, nínú pálọ̀ yìí”, ẹ mọ̀ pé ó ti lọ fi ẹsẹ̀ àti owó wá a ṣáájú. Ìpinnu rẹ̀ ti wà nínú àpò náà kó tó la ẹnu.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò lè gba ìwé àṣẹ láìsí ọwọ́ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Òfin náà kò dé Scotland, ìdí nìyẹn tí àwọn olólùfẹ́ fi ń sá lọ sí Gretna Green, abúlé tó wà ní ẹnu ààlà gan-an. Ó ju 300 máìlì lọ láti Lọ́ńdọ̀n. Kò sí bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe lè yára tó tí ilẹ̀ kò ní ṣú wọn lójú ọ̀nà, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ bá ọmọge pẹ̀lú ọkùnrin níta, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìyẹn ló ń mú kí bàbá tó lé wọn bá, tó bá wọn ní ọjọ́ kejì, fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí ìgbéyàwó tó kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1856 òfin mìíràn ní kí ọ̀kan nínú wọn ti gbé Scotland fún ọjọ́ 21 ṣáájú. Bí ìwé tó ṣẹlẹ̀ ní 1870 bá mú wọn débẹ̀ lónìí tí wọ́n sì so wọ́n pọ̀ lónìí, òǹkọ̀wé kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Owó ló kàn. Ẹ gbàgbé ìdáná tiwa, torí òdìkejì rẹ̀ ni tiwọn: bàbá ìyàwó ló ń di owó lé ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ. Ẹ ó gbọ́ pé ọmọge kan “ní 10,000 pọ́n-ùn”. Odindi owó tó ní nìyẹn, kì í ṣe iye tó ń wọlé fún un lọ́dún. Bí wọ́n bá fi pamọ́ síbi tó ń mú márùn-ún wá lórí ọgọ́rùn-ún, 500 pọ́n-ùn ló ń wọlé lọ́dún. Ti ọkùnrin, iye tó ń wọlé fún un lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń dá. Ẹ má da méjèèjì pọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó rò pé obìnrin náà lówó ju ọkọ lọ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan, pẹ́nì méjìlá nínú ṣílè kan, bí àwọn àgbà wa náà ti ná an kí náírà tó dé ní 1973.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé bí obìnrin bá ti lọ́kọ, ohun ìní rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọkọ, àfi bí wọ́n bá ti kọ àdéhùn kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin 1870 tú díẹ̀ nínú okùn yìí, ti 1882 sì tú èyí tó pọ̀ jù. Kí 1857 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fẹ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní òfin tirẹ̀ láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Lẹ́yìn 1857, àgbèrè aya nìkan tó fún ọkọ, ṣùgbọ́n aya ní láti fi ìwà ìkà tàbí irú ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn bẹ́ẹ̀ kún àgbèrè ọkọ. Ẹ wá wo opó olówó tó kọ̀ láti tún fẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn. Ẹni tí kò mọ òfin yìí á ní ó ń ṣe ìyanga. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á rí i pé bó bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni”, ilé, ilẹ̀ àti owó rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́ ọkọ tuntun náà.

Oyè: Duke ló ga jù, lẹ́yìn rẹ̀ Marquess, Earl, Viscount, Baron. Baronet àti Knight kò sí lára wọn, “Sir” ni wọ́n ń jẹ́. “Your Grace” ni wọ́n ń pe Duke, wọn kì í pè é ní “my lord”. Lọ́dọ̀ wa ilé ọmọ oyè lè pọ̀, àwọn afọbajẹ á sì yàn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nígbà gbogbo, ọmọkùnrin àkọ́bí tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aya tó bófin mu ló ń jẹ ẹ́. Bàbá kò lè yọ ọ́, kò lè fún àbúrò rẹ̀, ọmọ àlè tàbí ọmọ àgbàtọ́ kò sì lè jẹ ẹ́. Ìdènà púpọ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Àwọn Duke ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi kò tó ogójì nígbà adelé, tí àgbàlagbà sì pọ̀ nínú wọn. Inú ìwé ìfẹ́, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì pọ̀ bí eṣú. Ẹ fi ìyẹn jì wọ́n.

Ìwà láwùjọ ló kù, ibẹ̀ ló sì dùn jù. Ẹ fojú inú wo òde ijó kan. Ọkùnrin kan ti bá ọmọge jó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún dìde, ó la àárín yàrá kọjá, ó na ọwọ́ sí i nígbà kẹta. Àwọn ìyá tó jókòó sẹ́bàá ògiri dákẹ́, abẹ̀bẹ̀ wọn dúró. Òǹkọ̀wé kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àṣà gbà lálẹ́ kan. Ẹ̀kẹta dà bí ìkéde pé wọ́n ti ní àdéhùn. Bó bá gbà, gbogbo ìlú á ti so wọ́n pọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó bá kọ̀, àṣà ní kó má bá ẹlòmíràn jó mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìnawọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Bákan náà ni lẹ́tà: ọmọge tí kò ní àdéhùn ìgbéyàwó kì í kọ lẹ́tà sí ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà, ewu ni. Bí ẹ bá sì rí i pé ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin wà nítòsí, ẹ dẹ ìkàwé yín lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé kò kọ ọ́ lásán.

Àwọn kan máa ń ní aláwọ̀ dúdú kò lè wà nínú ìtàn àwọn ọlọ́lá ìgbà Victoria. Irọ́ ni. Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí ogun Dahomey kó, dé ọ̀dọ̀ ọbabìnrin náà ní 1850, ó sì di ẹni tí ọbabìnrin ń tọ́jú. Ní oṣù kẹjọ 1862, ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú oníṣòwò James Davies ní Brighton. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “ìtàn kò gbà á” gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Èwo ni kí ẹ fojú fò nínú àṣìṣe òǹkọ̀wé? Èdè tó dà bí ti òní, ìwẹ̀ lójoojúmọ́, eyín funfun: kò burú. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá gbé ìdènà kalẹ̀ láti inú òfin, tó wá gbàgbé òfin náà nígbà tó fẹ́ parí, ó ti rẹ́ yín jẹ.

6. Ti òde òní

Òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, torí náà inú ọkàn, iṣẹ́ àti ẹbí ni ìdènà ń gbé. Èyí ló mú kí àìgbọ́ra-ẹni-yé pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wá èyí tí ìpè kan kò lè yanjú. Ìwé wa láti Nàìjíríà ní ọlá níbí: AS àti AS tó pàdé ara wọn jẹ́ ìdènà tí ìjókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀kan tó ti gba físà tí èkejì kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ankara Press, tó wà lábẹ́ Cassava Republic, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú ìwé ìfẹ́ Áfíríkà bẹ́ẹ̀ ní 2014; ní ọjọ́ olólùfẹ́ 2015, ó gbé àkójọpọ̀ ìtàn kéékèèké jáde lọ́fẹ̀ẹ́, Yorùbá sì wà lára èdè tí wọ́n túmọ̀ wọn sí.

7. Ìwé tó ní àbúrò

Ìwé ayé àtijọ́ sábà máa ń wá ní ọ̀wọ́: ẹ̀gbọ́n nínú ìwé kìíní, àbúrò nínú ìkejì, ọ̀rẹ́ wọn nínú ìkẹta. Ìtàn kọ̀ọ̀kan parí, ẹ sì lè mú èyíkéyìí. Kìkì pé ẹ ó rí tọkọtaya ìwé ìṣáájú pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe jáde, kì í ṣe bí ọdún inú ìtàn ṣe tò. Èyí tí òǹkọ̀wé kọ lẹ́yìn nípa ìgbà èwe wọn máa ń fi ẹni tó ka ti ìṣáájú sọ́kàn. Bí ìwé kìíní bá sì ṣe bí ẹni ń to èèyàn sílẹ̀ fún ìwé mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkejì láìbẹ̀rù.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀wọ́ tó jẹ́ ti tọkọtaya kan náà láti ìwé kìíní dé ìkẹta. Ìyẹn máa ń dáwọ́ dúró sí ojú ibi tó le. Ẹ rí gbogbo rẹ̀ kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ ibùsùn àti ohun tó lè dun ni

Àwọn ìwé kan ń pa ilẹ̀kùn yàrá dé, àwọn mìíràn ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Àwòrán iwájú kò lè sọ fún yín. Ìwé òde òní tí wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ mèremère bíi ti ọmọdé bò lè gbóná ju èyí tí ọkùnrin tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀ lọ, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fún ọmọ ọdún 14. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ṣáájú, StoryGraph wúlò, áàpù tí Nadia Odunayo, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí orírun rẹ̀ jẹ́ Nàìjíríà, kọ́. Àwọn òǹkàwé ló ń to ohun tó le nínú ìwé síbẹ̀, ikú ọmọ, ìlòkulò, oyún tó bàjẹ́, wọ́n sì ń sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Fún ìwé tòkunbọ̀, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Nínú púpọ̀ lára ti ayé àtijọ́ tó jáde ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, ọkùnrin máa ń fi ipá bá obìnrin lò, ìtàn á sì pè é ní ìfẹ́. Kì í ṣe dandan kí ẹ gbà á mọ́ra torí pé ó ti pẹ́.

9. Bí ẹ ṣe máa rí i

Nínú òkìtì tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ojú ewé mẹ́wàá tó kẹ́yìn ló máa ń já jù, ìwé ìfẹ́ tí kò sì ní ìparí kò ní nǹkan kan. Ẹ ṣí àárín bí ẹni ń ya búrẹ́dì: bí gọ́ọ̀mù bá ha gbẹ, ó máa tú lọ́wọ́ yín. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó ń rùn bí ohun tó ti bu nínú ọ̀rinrin á kó o ran ìyókù lórí pẹpẹ. Ẹ ka ojú ewé àṣẹ ìtẹ̀wé, torí ìwé kan náà lè jẹ́ orúkọ kan ní Lọ́ńdọ̀n, kó jẹ́ òmíràn ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ó sì rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí fóònù, ẹ gba apá ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Kindle, kí ẹ fi dán ohun tó wà ní ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta wò. Ẹni tó ní káàdì ilé ìkàwé ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà lè yá ìwé kíkà àti ti àfetígbọ́ lórí áàpù Libby láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ nígbà adelé fúnra rẹ̀, ìwé Jane Austen, tó kú ní 1817, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg. Gbólóhùn wọn gùn. Orí kan lálẹ́ kan ti tó.

10. Bó bá sú yín

Ẹni tó ka ìwé mẹ́jọ òǹkọ̀wé kan náà tẹ̀ léra á bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbogbo okùn tó fi ń so ìtàn: ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà, òjò kan náà tó ń lé wọn wọ ahéré. Òǹkọ̀wé náà kò tíì bàjẹ́. Ẹ má ka ju méjì tirẹ̀ lọ kí ẹ tó mú ẹlòmíràn. Ẹ pààrọ̀ ìgbà náà: ti àtijọ́ kan, ti òde òní kan. Kí ẹ sì ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, ìlà mẹ́ta fún ìwé kọ̀ọ̀kan: ìdènà rẹ̀, ojú ewé tí ó ti mú yín tàbí tí ó ti sú yín, àti bóyá ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ délẹ̀. Tó bá ti tó ìwé mẹ́wàá, ẹ ka àwọn ìlà àkọ́kọ́ náà láti òkè délẹ̀, kí ẹ tó lọ síbi àtẹ.